Àyẹ̀wò Ilẹ̀ ní Abúlé Adó

Ajíbọ́lá fi òǹtẹ̀ Yíwọlá lu ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ kan tí Yíwọlá kò ṣe. Oṣù Kìíní ni, nígbà tí ìjọ wọn wà nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, tí Yíwọlá sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Ilẹ̀ náà wà ní Abúlé Adó. Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀, ìwé náà ló sì yẹ kó sọ bóyá ilẹ̀ lè gbé e.

Yíwọlá kò mọ̀ títí di oṣù Kẹta. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ló sọ fún un. Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìjọ kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ ní Festac. Lẹ́yìn ìsìn, ó di Yíwọlá lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnjiníà mi, o ṣeun o. A ti da kọnkéré ìpìlẹ̀. Ohun tó kàn dùn mí ni pé o wá sórí ilẹ̀ mi, o ò tiẹ̀ yà kí mi."

"Ilẹ̀ wo nìyẹn, Mọ́mì?"

"Ti Abúlé Adó kẹ̀. Àbí ilẹ̀ àwọn olówó nìkan lo máa ń rántí?"

Yíwọlá ní kí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ka ojú ewé mọ́kànlá lórí ìdúró. Ìfọwọ́sí ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Òǹtẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ní ojú ewé kẹfà, wọ́n kọ ọ́ pé irin ìgbẹ́lẹ̀ ṣẹ́ nínú ihò kejì ní mítà mẹ́sàn-án, iṣẹ́ sì dúró níbẹ̀.

Ó mọ irin náà. Inú ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni ó ti ṣẹ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì gé Ìkẹ́, ẹni tó ń bá wọn gbẹ́lẹ̀, lọ́wọ́. Yíwọlá fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ti da ìwé iṣẹ́ yẹn kọ, ó yí orúkọ onílẹ̀ àti àdírẹ́sì padà, ó sì gbàgbé láti yọ irin náà kúrò.

Ó pe Ìkẹ́.

"Ṣé ẹ lọ gbẹ́lẹ̀ ní Abúlé Adó lóṣù Kìíní?"

"Àǹtí, ta ló máa gbé wa lọ? Ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Òun náà ń gbààwẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni Yíwọlá fi dá ṣiṣẹ́ kí ó tó bá Ajíbọ́lá dòwò pọ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé a pè é, òun a lọ wo ilẹ̀ wọn, a sì sọ ohun tó rí fún wọn. Ajíbọ́lá, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú ìjọ, kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn. Wọ́n gbà pé òun yóò máa wá iṣẹ́, Yíwọlá yóò sì máa ṣe é. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ́fíìsì wọn ní Mazamaza, Pásítọ̀ Enoch kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti òǹtẹ̀ Yíwọlá sí ọwọ́ kan, ó gbàdúrà sí wọn, ó ní àwọn ará kì í ní kọ́kọ́rọ́ méjì nínú ilé kan. Láti ọjọ́ náà ni òǹtẹ̀ ti wà nínú àpótí kan tí wọn kì í tì. Ìlànà iṣẹ́ ẹnjiníà sọ pé òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Yíwọlá mọ ìlànà náà. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ó rò ó láti mú un lọ sílé. Kò mú un, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé kò gbọ́kàn lé arákùnrin rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé náà síwájú Ajíbọ́lá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí?"

Ajíbọ́lá wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Ìyá yẹn ń kánjú. Ìwọ wà nínú ààwẹ̀. Ṣé kí n wá máa fi iṣẹ́ dí ọ lọ́wọ́ níwájú Ọlọ́run ni?"

"Ẹ ò gbẹ́ ilẹ̀ náà."

"Kí la fẹ́ gbẹ́? Láti ibí dé Abúlé Adó, yanrìn àti omi náà ni."

"Ìjọba ló da yanrìn sí Amúwo kí wọ́n tó pín in. Ta ló da yanrìn sí àbàtà obìnrin yẹn?"

"Yíwọlá, fara balẹ̀."

"Tí ilé náà bá wó, ta ni wọ́n máa wá mú?"

"Kò ní wó. Má fi ẹnu rẹ pè é."

"Ẹnu mi kọ́ ló gbé ilé dúró, Ẹ̀gbọ́n."

Ajíbọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì. Mo ń bá yín wá iṣẹ́, ẹ̀yin ń bá mi wá ẹjọ́."

Yíwọlá béèrè ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n jọ lọ bá Bọ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sọ òótọ́ fún un, kí iṣẹ́ dúró títí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ajíbọ́lá ní òun kò lọ, nítorí bí ìyá náà bá gbọ́, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́. Yíwọlá mú òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú àpótí, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sórí tábìlì, ó ní Ajíbọ́lá yóò rí lẹ́tà òun kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì jáde.

Pásítọ̀ Enoch pè é ní ọ̀sán.

"Ọmọ mi, a kì í kọ lẹ́tà sí ará ilé ẹni. Ẹ jẹ́ ká ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ ní kí Bọ̀dá Ajíbọ́lá wá máa gbé nísàlẹ̀ ilé náà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, sà."

"Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta ní ọjọ́ náà. Èkíní fòpin sí àjọṣe òun àti Ajíbọ́lá. Èkejì jẹ́ ti Bọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà àwọn ẹnjiníà, ó sì sọ nínú rẹ̀ ohun tí Ajíbọ́lá ṣe àti ibi tí òun fi òǹtẹ̀ sí fún ọdún mẹ́rin.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà Bọ́sẹ̀ lọ sí Abúlé Adó. Àwọn káfíńtà ń kan pákó òpó lọ́wọ́. Bọ́sẹ̀ kà á tán, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró.

"Báwo ni ẹlòmíràn ṣe rí òǹtẹ̀ rẹ mú?"

"Mo fi síbi tó ti lè mú un, Mọ́mì. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

"O mọ̀ pé kò dáa, o sì fi síbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, Ìkẹ́ gbé ẹ̀rọ wá. Wọ́n kan omi kí ihò tó jìn tó mítà kan. Lẹ́yìn omi, ẹrẹ̀ dúdú ni títí dé mítà méje. Yíwọlá sọ fún Bọ́sẹ̀ pé ilẹ̀ náà kò lè gbé alájà mẹ́rin lórí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti dà. Ilé tí kò ní àjà nìkan ló lè gbé, kí wọ́n sì fọ́ kọnkéré tó wà níbẹ̀.

Àjà mẹ́ta ni Bọ́sẹ̀ ti fẹ́ fi háyà fún àwọn ènìyàn, kí ó má baà di ẹrù sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́rùn.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ," ó ní. "Má retí pé kí n dúpẹ́."

Yíwọlá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ lọ fi ẹjọ́ Ajíbọ́lá sun ọlọ́pàá. Bọ́sẹ̀ kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló ti ará ìjọ mọ́lé.

Yíwọlá padà sí iyàrá tí ó ti ń dá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀ ní Festac. Ẹni méjì pè é ní oṣù Kẹrin. Ó ní láti sọ fún àwọn méjèèjì pé òun kò lè fọwọ́ sí ìwé kankan, nítorí ìgbìmọ̀ náà ti dájọ́. Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan, nítorí pé kò tọ́jú rẹ̀. Wọn kò fìyà kankan jẹ Ajíbọ́lá. Kì í ṣe ẹnjiníà, nítorí náà wọn kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ó ti rí ẹnjiníà mìíràn, ọ́fíìsì Mazamaza sì ń ṣiṣẹ́ lọ.