Ìdajì Ẹ̀kọ́ tó Kù

Oṣù kẹjọ rèé tí àwọn tíṣà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, kíláàsì ti di ibùsùn ewúrẹ́, ìjọba ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Adéjọkẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fìsíìsì ní Oǹdó, ti di ẹni tó ń ra ọṣẹ dúdú níbẹ̀ lọ tà lọ́jà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, níbi tó ń gbé.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Oǹdó. Ta ló bá nídìí ọkọ̀? Kìtán, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, iléèwé sì tì, ló bá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Iwájú lẹ máa jókòó o!" Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbowó lọ́wọ́ tíṣà òun.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti àpò kòkó kún orí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé téńté òkè kan, Kìtán yọ jíà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Epo ò jó rárá.

"Dírẹ́bà, rọra o," ni bàbá kan ké láti ẹ̀yìn. "Ẹrù orí ọkọ̀ yìí pọ̀!"

Kìtán rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹrù ò kàn án. Tíṣà tó kọ́ mi rèé. Ilẹ̀ ló ń fa ohun gbogbo, àtèyí tó wúwo àtèyí tó fúyẹ́, bákan náà ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Àbí irọ́ ni mo pa, mà?"

Kì í ṣe irọ́. Adéjọkẹ́ rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó fi pátákó kan ti tábìlì kó lè dàgẹ̀rẹ́, ó jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ onípákó kékeré méjì láti orí rẹ̀. Ó di òkúta kún ọ̀kan, òfìfo lèkejì. Àwọn méjèèjì jọ gúnlẹ̀ ni, kíláàsì sì pariwo. Ìyókù ẹ̀kọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú nóòtù rẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: bí a ṣe ń dá wọn dúró. Sísọ̀ kalẹ̀ ò mọ ẹrù, ṣùgbọ́n dídúró mọ̀ ọ́n: bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣòro dá dúró. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ó tiẹ̀ la ẹnu. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ti ń kí i: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò rí ọmọ tẹ́ ẹ kọ́!" Láti oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó pè é ní tíṣà mọ́, ìyá ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é. Oríyìn náà dùn mọ́ ọn, ó dùn débi tí ojú fi ń tì í láti sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé. Ó ní tó bá dọjọ́ mìíràn, òun á pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa èyí tá a gbé mì.

Lọ́jọ́bọ̀, ìròyìn dé gáréèjì Àkúrẹ́. Òkè yẹn kan náà ni. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú ò ran búréèkì lọ́wọ́, ẹrù sì ń ti ọkọ̀ lọ. Ìdí afárá ni wọ́n ti bá a. Àwọn èrò fara pa. Kìtán kú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí àwọn tíṣà. Kíláàsì kún padà, àfi àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Adéjọkẹ́ ò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi pátákó ti tábìlì, ó di òkúta kún kẹ̀kẹ́, ó dì í mú lókè.

"Ẹ̀kọ́ tó kù rèé," ó wí. "Ta ló máa fọwọ́ dá a dúró nísàlẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó dìde. Adéjọkẹ́ tẹ́ ọwọ́ òsì ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pátákó, ó sì fi ọ̀tún jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ náà.