Àtàǹpàkò Ajubọ́ọ̀lù

Òfin ìgbìmọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti kan yunifásítì rẹ, dìde, bọ́ síta, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Rhonda Vessey ti ń pa òfin yìí mọ́ láti ọdún méjì tó ti wà lára àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí yóò wọ ìdíje àṣekágbá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo rí bíi ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ní hótẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá Dallas. Lọ́sàn-án, tẹlifíṣàn yóò ka orúkọ ẹgbẹ́ méjìlá sí etí gbogbo Amẹ́ríkà. Mọ́kànlá ti dájú. Ó ku ẹyọ kan.

Rhonda ni ọ̀gá eré ìdárayá ní Yunifásítì Tamarack, ní Idaho. Ẹni tí wọ́n jọ bọ́ síta ni Curtis Abernethy, tó wà nípò kan náà ní Bitter Creek, tí kò ju ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò sí tiwọn. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ilé ìwé méjèèjì ti ń na ara wọn lórí pápá. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ Rhonda kú, Curtis ló wakọ̀ gba inú yìnyín wá, tó ń fi ṣọ́bìrì gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lárààárọ̀ títí ìsìnkú fi parí.

Ṣùgbọ́n líìgì tí ilé ìwé méjèèjì jọ wà ti tú. Ẹgbẹ́ méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn líìgì ńlá ń yọ wọ́n lọ bí ẹni ń yín àgbàdo, títí ó fi ku márùn-ún. Líìgì ńlá kan wá ní òun ṣì lè gba ẹyọ kan péré, ó sì ti jẹ́ kó yé wọn, láìkọ ọ́ síwèé, pé èyí tó bá wọ ìdíje lọ́dún yìí nínú àwọn méjèèjì ni òun máa mú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àfi kó máa wá ẹni tí yóò bá a gbá bọ́ọ̀lù kiri.

Wọ́n jókòó sórí àga gígùn kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Curtis ń jẹ dónọ́ọ̀tì, ṣúgà ń dà sí i láyà. Wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ni wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ orúnkún Curtis tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Rhonda ń dáhùn, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ní aago méje ni dókítà ẹgbẹ́ ti pè é: Kolton Reyes, ajubọ́ọ̀lù tó ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, tó gbé wọn débi tí wọ́n dé, ti kán ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nínú eré àná. Kò ní lè ju bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún yìí. Ìgbìmọ̀ a sì máa ro ti ẹni tó fara pa bí wọ́n bá ń yan ẹgbẹ́. Denny Sorrell, kóòṣì wọn, ti bẹ Rhonda pé kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn di ìrọ̀lẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Harlan Pruett, bàbá arúgbó tó jẹ́ alága wọn, yọjú.

“Ìbéèrè kan náà ni fún ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé ẹnì kan wà tí kò ní lè gbá bọ́ọ̀lù? Curtis?”

“Gbogbo wọn ló pé, sà.”

“Rhonda ńkọ́?”

Irọ́ kọ́ ló wá sí i lẹ́nu. Òótọ́ tó rọ lọ́rùn ni: dókítà ò tíì fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò purọ́. Ó rántí àwọn ilé oúnjẹ ìlú wọn tó ń fi owó ọjọ́ bọ́ọ̀lù jẹun jálẹ̀ ọdún. Ó la ẹnu. Ó rí i pé Curtis ò jẹ ohun ẹnu rẹ̀ mọ́. Curtis tẹjú mọ́lẹ̀.

“Kolton Reyes ti kán ní àtàǹpàkò,” ni Rhonda wí. “Lánàá ni. Kò ní lè ṣeré.”

Pruett dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn.

Curtis gbé dónọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. “Mo ti fura. Mo wo eré yín lórí tẹlifíṣàn. Ọwọ́ òsì ló fi ń tú okùn àṣíborí ẹ̀.”

Rhonda kọjú sí i. “Ká ní mo bò ó ńkọ́? Ṣé wàá sọ?”

Curtis ń gbọn ṣúgà kúrò láyà. “Má bi mí, jàre. Àtàárọ̀ ni mo ti ń bi ara mi.”

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí wọ́n tó pè wọ́n wọlé. Bitter Creek ló wà ní ipò kejìlá. Kò sẹ́ni tó wo ojú Rhonda. Ó jókòó, ó fọwọ́ sí ìwé bíi tàwọn tó kù.

Lẹ́yìn tí tẹlifíṣàn kéde rẹ̀ tán ló pe Denny. Nínú fóònù, ó ń gbọ́ ìró àga àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń dìde ní yàrá oúnjẹ Tamarack.

“Ta ló sọ fún wọn?” ni Denny béèrè.

“Èmi ni.”

“Ṣé wọ́n bi yín ni?”

“Wọ́n bi mí.”

Denny mí kanlẹ̀. Ó ní Kolton wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, pé ọmọ náà ní òun ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Rhonda ní kó gbé fóònù fún un. Ó bá a sọ̀rọ̀ títí ohùn ọmọ náà fi rọlẹ̀.

Kí Kérésìmesì tó dé, líìgì ńlá ti kọ̀wé sí Bitter Creek. Ìgbìmọ̀ alákòóso Tamarack pe Rhonda jókòó, wọ́n da ìbéèrè bò ó fún wákàtí mẹ́ta. Márùn-ún nínú wọn ní kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, mẹ́rin ní kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé fóònù, ó ń pe àwọn yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọjọ́ Sátidé kankan tó ṣófo ní oṣù kẹsàn-án tí wọ́n lè fi bá Tamarack gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni kẹrìnlá tó pè ló dá a lóhùn pé àwọn á rò ó.