Epo Fìtílà Ojú Irin

Ọdún tí wọ́n gba fìlà iṣẹ́ lórí ọkọ mi, gbogbo abúlé ló ń yin àsídà mi, òkèlè ọkà tí a máa ń fi ọbẹ̀ jẹ. Ohun kan náà ló fa méjèèjì.

Babikir ọkọ mi ló ń ṣọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa ní aṣálẹ̀, lọ́nà Atbara. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, ó rọ epo kún fìtílà tó máa ń gbé kọ́ òpó níta abúlé, èyí tí awakọ̀ fi ń mọ̀ pé ọ̀nà ṣí. Ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó lọ kírun Alásàrí. Sítóòfù mi ti gbẹ, oníkẹrosíìnì ò sì wá láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ èmi ló kàn láti gbé oúnjẹ ìṣínu síta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dá èrò ọ̀nà dúró kí wọ́n bá wọn jẹun. Ṣé kí àwo mi ṣófo lójú Nafisa tó múlé tì mí? Mo da ìdajì epo fìtílà náà sí sítóòfù. Mo ní èyí tó kù á tó. Ọkọ mi dé, ó tàn án, ó gbé e lọ kọ́ òpó.

Kò tó. Bí oòrùn ṣe wọ̀, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọn ṣáá, kò wọlé. Òfin wọn ni pé bí fìtílà bá ti kú, kí awakọ̀ dúró.

"Bàbá Ikhlas, ẹ fi aṣọ funfun juwọ́ sí wọn kí wọ́n máa bọ̀ jàre," ni Nafisa wí fún ọkọ mi. "Àwọn ẹni ẹlẹ́ni ò tíì fomi kan ẹnu látàárọ̀."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọkọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ lójú irin kan náà yìí ti kúrò ní ibùdó iwájú." Ó ń yí ọwọ́ tẹlifóònù, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

"Ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ó ń bà mí lóòótọ́," ó ní.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, kí wọ́n tó ní àwọn ti dá ọkọ̀ ẹrù dúró sọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi wá mú fìtílà ọwọ́, ó rin inú iyanrìn lọ. Àwa obìnrin gbé àwo rù, a tẹ̀ lé e.

Taifur awakọ̀ yọrí síta. "Babikir, ṣé fìtílà tìẹ náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Babikir náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó gun òpó tó yẹ ikùn fìtílà wò, mo gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀: "Ọwọ́ ara mi ni mo fi rọ ọ́ kún."

Mo ń bu àsídà. Ìyá àgbà kan láti inú ọkọ̀ di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọlọ́run á bù sí tìẹ."

Mo sọ pé àmín.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá kan wá láti ìlú. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú atẹ́ tíì.

"O gbàgbé epo, kó o kàn gbà bẹ́ẹ̀."

"Mo rọ ọ́, ọ̀gá."

"Epo náà wá fò lọ?"

Ó yẹ kí n wọlé, kí n sọ ọ́. Mo gbé atẹ́ náà padà sídìí sítóòfù. Wọ́n gba fìlà rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ru ẹrù ní Atbara.

Lọ́jọ́ tí a kó ẹrù wa, oníkẹrosíìnì ò tíì dé síbẹ̀. Babikir gbé sítóòfù, epo dún nínú rẹ̀. Ó mì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

"Fi àkísà wé e," ó ní, "kó má dà sáṣọ àwọn ọmọ."

Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ epo sí sítóòfù mi láràárọ̀, á kún dẹ́nu. Mi ò sọ fún un rí.