Kí Ẹṣin Kọ́kọ́ Mu Omi

Àríyànjiyàn ìbọn kì í tán láàárín ọdẹ. Bí ẹ bá rí ọdẹ méjì tí wọn kò jiyàn lórí ìbọn, ẹ wò wọ́n dáadáa, ọ̀kan nínú wọn ti sùn lọ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bàbá mi tó ń jẹ́ Merv Tully, àti Dougal Strachan, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn kí omi tíì tó hó.

"Ohun tí ẹ gbé dání yẹn, Bàbá Merv, ìbọn eku ni," Dougal wí. Ó nàka sí ìbọn kékeré bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní Méjì-Méjì-Mẹ́ta, bí ẹni tó ń nàka sí aṣọ tó ya.

"Eku tó ga jù ọ́ lọ ló ti ń pa láti ogójì ọdún," bàbá mi dá a lóhùn. "Ìgbà tí mo fi í pa kangarúù àkọ́kọ́, ìyá rẹ ṣì ń wá ọkọ."

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀. Kangarúù kì í ṣe ẹṣin. Ẹṣin léegun. Ọta yín fúyẹ́, eré ló sì ń sá. Tó bá kan eegun èjìká, ìta níbẹ̀ ló máa fọ́nká sí, kò ní wọlé. Ẹ wo èyí." Ó yọ ọta ìbọn ńlá tirẹ̀, Mẹ́ta-Òdo-Mẹ́jọ, kan nínú àpò, ó gbé e sórí òkúta. "Èyí kì í bẹ eegun."

"Ibi tí ọta bà ló ń pa ẹran, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Ẹni tí kò mọ ibi tó ń yìn sí ló ń wá ìbọn ńlá kiri."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin orí. Mo mọ̀ pé orí lẹ máa ń yìn, torí àwọn tó ń ra kangarúù kò fẹ́ ihò lára ẹran. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ wa níbí. Ẹ yin àyà, lẹ́yìn èjìká."

Bàbá mi tutọ́ sílẹ̀. Ó gbà láti yin àyà, ṣùgbọ́n nígbà tí Dougal gbé ìbọn ńlá rẹ̀ kejì wá fún un, ó ní òun kì í bá ìyàwó ẹlòmíì sùn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo da tíì fún wọn. Èmi ni Glenys, àbíkẹ́yìn bàbá mi. Èmi ni mò ń wakọ̀, èmi náà ni mò ń fi awò olójú méjì wo ọ̀ọ́kán, tí mo ń sọ ibi tí ẹran dúró sí fún un àti bóyá ọta rẹ̀ bà á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohun tí Dougal kò mọ̀. Láti Kérésìmesì ni ojú ọ̀tún bàbá mi ti ń ṣú, ojú tó fi ń wo ìbọn. Lóru, tí a bá tan iná sí kangarúù, ojú ẹran á máa kọ mànà, bàbá mi á sì rí ibi tó ń yìn sí. Ẹṣin tó dúró nínú oòrùn kò tan iná fún ẹnikẹ́ni.

N kò sọ fún ẹnì kankan. Bí mo bá sọ, wọn á gba ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílùú, á máa ka eṣinṣin. Ọkùnrin yìí ò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì ní orúkọ mìíràn. Nítorí náà mo ń sọ ibi tí ẹran wà fún un lọ́nà tí ẹlòmíràn kò fi ní fura, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìfẹ́ ni.

Ọ̀dá ti wọ ọdún kẹta. Ojú omi kan ṣoṣo ló kù lórí ilẹ̀ Àǹtí Maudie, abẹ́ àpáta ló wà, ó sì ti sún kì débi pé èèyàn lè fò ó. Àǹtí ni gbogbo ayé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ilẹ̀ náà sì ti jẹ́ ti àwọn ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹṣin dé ibẹ̀. Ẹ má rò pé ó kórìíra ẹṣin o. Lórí ẹṣin ló ti dàgbà, ó da màlúù nínú aṣálẹ̀ yìí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ó ka ẹṣin ìgbẹ́ tí kò ní olówó, ọgọ́ta ó lé mẹ́ta, tí wọ́n kú sínú ẹrẹ̀, àwọn mìíràn ṣì ń mí nígbà tí ẹyẹ ìwò ti ń yọ wọ́n lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè wá láti wá dín wọn kù.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Bàbá mi ní kí wọ́n fi wáyà yí omi ká, kí ẹṣin wá ibòmíràn lọ. Àǹtí Maudie bi í pé, "Ibòmíràn dà, Merv?" Dougal ní kí ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú alábẹ̀bẹ̀ yìnbọn pa wọ́n láti òkè, kíákíá, kó tán. Àwọn ará ìlú kọ lẹ́tà pé kí a kó wọn, kí a tọ́ wọn di ẹran ọ̀sìn, kí a kó wọn fún àwọn ọmọdé. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì rí akọ ẹṣin aṣálẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọlé.

Àǹtí Maudie ló wá pàṣẹ. Ó dúró níwájú ọkọ̀ wa, ó gbé ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ẹ kò ní yìnbọn sí ohun tó wá mu omi. Òkú á ba omi jẹ́, ìyẹn kan. Èkejì, kò dáa. Ẹ jẹ́ kó mu, kó yó, kó gun orí òkè lọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pa á. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fún un lómi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ yìn ín. Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Àǹtí."

Àṣẹ yẹn ló sọ àríyànjiyàn tíì àárọ̀ di ọ̀rọ̀ gidi. Létí omi, ẹṣin kò jìn sí wa ju ogójì mítà lọ, ìbọn bàbá mi ì bá tó o. Lórí òkè, igba mítà ni. Dougal náà sì ní òfin tirẹ̀, tí gbogbo ọdẹ agbègbè náà mọ̀: ẹni tó bá ṣe ẹṣin léṣe tí kò kú, kò gbọdọ̀ yìnbọn mọ́ títí yóò fi tọpa rẹ̀ kàn án.

Àwọn ẹṣin dé ní nǹkan bí aago méje. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, egungun ìhà wọn hàn. Abo ńlá kan tó dúdú ló ṣáájú. Wọ́n mu omi pẹ́, a ń gbọ́ ọ̀fun wọn. A dojú bolẹ̀ lẹ́yìn àpáta, eṣinṣin ń wọ̀ wá nímú, kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gun òkè, wọ́n sì dúró nínú koríko ẹlẹ́gùn-ún bí Àǹtí Maudie ṣe sọ pé wọn á ṣe.

Dougal kọ́kọ́ yin abo dúdú yẹn. Bí aṣáájú bá ṣubú, àwọn yòókù á máa rìn yíká, wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò sá lọ. Ó ṣubú lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi yin ọ̀kan lápá òsì, ìyẹn náà ṣubú, mo sì mí kanlẹ̀.

"Èwo ló kàn?" ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Abo pupa. Ìdí òkúta funfun."

"Èwo?"

Ẹ̀ẹ̀kejì tó béèrè yẹn ló yẹ kí n gbé ọwọ́ lé ìbọn náà. Mo mọ̀ pé kò rí i. Dougal wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bí mo bá sọ̀rọ̀, á gbọ́. Mo ní, "Ìka méjì sí ọ̀tún òkúta, Bàbá. Ó dúró gbagidi." Ó yìnbọn.

Nínú awò mi, mo rí i tí ọta náà bà á ní èjìká gan-an, níwájú ibi tó yẹ pẹ̀lú ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Awọ ya, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì sáré bọ́ sí ẹ̀yìn òkè. Ìbọn Dougal dún léraléra títí àwọn yòókù fi tán nílẹ̀.

"Ta ló ni ti pupa yẹn?" Dougal béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Èmi ni mo ni ín," bàbá mi wí.

Mo retí kí Dougal fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ eegun èjìká tó sọ láàárọ̀ ti ṣẹ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ìbọn ńlá rẹ̀ sí mi, kì í ṣe sí bàbá mi. "Gbé èyí dání, Glenys. Èmi á yẹ àwọn tó wà nílẹ̀ wò." Ó lọ láti fọwọ́ kan ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè dá a lójú pé wọ́n ti kú.

Ọkọ̀ kò lè gun òkè yẹn. Ẹsẹ̀ lèmi àti bàbá mi fi tọpa abo pupa náà, pẹ̀lú ìgò omi méjì. Nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, ilẹ̀ ti ń jó wa láti abẹ́ bàtà. Bàbá mi ló ṣáájú, kò sì gbà kí n kọjá òun. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń rìn, ó ń dúró.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dá," ó wí. "N kò rí i mọ́."

"Bàbá," mo ní, "ẹ dúró lé e lórí."

Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó gbòòrò tó àtẹ́lẹwọ́, ó ti ń gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ìka sún mọ́ ojú òsì rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti Kérésìmesì. Ìgbà tí ẹ da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù."

"O sì ń darí mi kiri bí afọ́jú."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ yín."

"Èmi náà ò fẹ́." Ó nu ìka sára ṣòkòtò. "Mo rò pé ìwọ ò mọ̀. Mo ní, bí Glenys bá rí i pé mo ti ń ṣìnà, á sọ. Ìgbà tí o kò sọ nǹkan kan, mo ní mo ṣì ń gbìyànjú nìyẹn."

Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná ju oòrùn lọ. Irọ́ tí mo pa nítorí rẹ̀ ni òun náà gbára lé. Mo bọ́ síwájú, ó sì gbà bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń gbé ẹsẹ̀ síbi tí mo bá gbé tèmi.

Ọ̀sán pọ́n kí a tó bá a. Ó ti dùbúlẹ̀ nínú ipa odò tó gbẹ, lábẹ́ igi kan tí kò ní ìbòòji tó. Ó ti fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, ó ń wá omi nínú yanrìn. Ìfófòó gbẹ sí i létè. Ó rí wa, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè ṣe é.

Mo gbé ìbọn Dougal, mo fi ọta sí i. Bàbá mi ní, "Dúró."

Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ó da omi tó kù nínú ìgò tirẹ̀ sínú rẹ̀ tán, ó gba tèmi, ó da ìyẹn náà sí i. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà wa ṣì jìn." Ó fi orúnkún rìn lọ láti ẹ̀yìn orí ẹṣin náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ti àkẹtẹ̀ náà sábẹ́ ètè rẹ̀. Ẹṣin náà kọ́kọ́ fọn imú, ó yíjú. Nígbà tó gbóòórùn omi, ó mu ún. Ó mu ún tán, ó ń lá àkẹtẹ̀ gbígbẹ. Bàbá mi kúrò níbẹ̀.

"Lẹ́yìn èjìká," ó ní. "Dougal tọ̀nà."

Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi lọ fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Nígbà tí a fi padà dé, ahọ́n wa ti wú, a kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Dougal gbé omi pàdé wa lójú ọ̀nà. Bàbá mi mu omi, lẹ́yìn náà ó yọ ọta inú ìbọn rẹ̀, ó sì fi ìbọn náà lé Dougal lọ́wọ́. "Bá mi tọ́jú ẹ̀," ó wí. "Ìbọn eku ni."

"Ìbọn dáadáa ni, Bàbá Merv," Dougal wí.

Àǹtí Maudie ti jókòó létí omi, lórí àga kékeré rẹ̀.

"Ẹ rí i?"

"A rí i, Àǹtí," bàbá mi dáhùn.

"Ó mu omi kó tó kú?"

"Ó mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mu, ẹ̀ẹ̀mejì la sì yìn ín." Ó gbé àkẹtẹ̀ náà hàn án. Itọ́ ẹṣin ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Àǹtí Maudie wo àkẹtẹ̀ náà pẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní kí ẹ fún un," ó wí. Kò wo bàbá mi nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi tí mo gbé awò kọ́rùn ló ń wò.