Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Tí Ẹ̀gbọ́n Yàn

Ẹ̀gbọ́n ń jowú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Áàpù tó ń rán aláìsàn létí oògùn ló fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe. Ilé-ìtajà áàpù dá a padà. Ó fìbínú tún un ṣe láìka ìdí tí wọ́n kọ tán, wọ́n tún dá a padà. Àbúrò tó kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ parí. Áàpù tó ń sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn bomi rin òdòdó ni. Ọmọ tí kò gbin òdòdó kan rí láyé ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ náà ni wọ́n gba tiẹ̀. Ìyá wọn ti fi han gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n kí i kú oríire. Ẹnu ló fi kí i, inú rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bí fóònù ọmọ náà bá ti dún báyìí, á rò pé ẹlòmíì tún ti ń yìn ín.

Àbúrò bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun bá a wo ohun tí ilé-ìtajà náà kọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò tíì di ẹni tí ọmọ tóun kọ́ ń kọ́. Àfìgbà tí ilé ìwòsàn tó fẹ́ lo áàpù náà ní àwọn á wá ẹlòmíì bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí. Ó bá ti kọ̀m̀pútà síwájú ọmọ náà, ó kọjú sí fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọn ò ní kò dáa. Wọ́n ní àwọn ò rí i wọlé ni. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ́ ẹ fún wọn láti fi ṣí i wò ò ṣiṣẹ́."

"Òun ni mò ń lò lójoojúmọ́."

"Ṣé ẹ fàmì ohùn sí i?"

"Kí ló dé tí mi ò ní fàmì sí i? Ṣé Yorùbá kọ́ ni?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ń bínú pàápàá, kò ní kọ ọ̀rọ̀ láìfàmì sí i. "Ibo làwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ti máa rí àmì yẹn tẹ̀? 'Omi' lèmi fi ṣe tèmi. Ẹ pe tiyín, kí n yọ àmì ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà kíá. Ọjọ́ tí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ áàpù tiẹ̀ ló yan ọ̀rọ̀ náà.

"Dìde, jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

"Ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀. Ẹ ṣáà pè é."

"Mojùúlọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó tún kọjú sí fèrèsé.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò béèrè ẹni tó ní òun jù lọ. Ó tẹ èyí tó kù, ó fi ránṣẹ́, ó dìde.

"Ta ló bá yín dù ú, bọ̀ọ̀dá mi?"

Ẹ̀gbọ́n pa kọ̀m̀pútà náà dé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n gba áàpù náà. Ìyá wọn tún gbé fóònù, ó tún yí àdúgbò ká. Àbúrò náà wá kí i kú oríire. Ẹ̀gbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, kó lè mọ̀ bóyá ẹnu nìkan ni ọmọ náà fi kí i, kò sì rí i mọ̀.