Àdàkọ Tí Àtúnṣe Kò Dé

Zulema Terrazas ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pè é lórí fóònù láti ilé ìwòsàn kan ní ìlú Sacaba.

"Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò oògùn ọmọdé, àbí? Ó ní kí n fún ọmọ oṣù mẹ́jọ ní oògùn tó tó ti géńdé ọkùnrin! Ọpẹ́lọpẹ́ ojú mi."

Zulema mọ àṣìṣe náà. Bí èèyàn bá fi kọ́mà tẹ kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀, bíi 8,5, ètò náà kì í rí kọ́mà yẹn. Kílò márùndínláàádọ́rùn-ún ló máa kà á sí. Ó ti tún un ṣe láti oṣù méjì, ó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Sacaba kò sí lára wọn.

"Níbo lẹ ti rà á?"

Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọjà La Cancha ni. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń rà á."

Zulema gbé ọbẹ̀ tì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà náà. Bó ṣe ń jókòó ló ń dìde. Nígbà tí àwọn olùwọ́de dí ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ sáré dé ọjà.

Ogún ọdún ni Bàbá Eleuterio ti ń ta àdàkọ ètò kọ̀ǹpútà ní ìsọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ já àgádágodo ètò mi, ẹ tún ń tà á!"

"Ẹ gbà mí! O ò tiẹ̀ kí èèyàn." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Irinṣẹ́ tí o fi kọ ọ́ ńkọ́? Ṣebí èmi ni mo ta àdàkọ rẹ̀ fún ẹ nígbà tí o wà ní yunifásítì. O tún ní kí n fi èènì sí i."

Ojú ti Zulema. Irinṣẹ́ ọ̀hún ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì ronú kan ẹni tó ṣe é rí.

"Bó bá dọ̀la, ẹ lè bú mi bó ṣe wù yín. Èyí tí ẹ ń tà yìí lè pa ọmọdé."

Ó ṣàlàyé. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá.

"Mélòó lẹ ti tà?"

"Ta ló ń kà á? Mo mọ ojú wọn, n ò mọ orúkọ wọn. Àwọn kan sì ti tún tèmi dà kọ."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ń fi gbohùngbohùn pe àwọn oníṣègùn wá gba àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Zulema mú fílàṣì tí àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀, ó ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn kan lé e jáde.

Ní ọjọ́ kẹrin, dókítà kan ní ìlú Punata ní, "Ojúlówó ni tèmi, ìyá."

"Dókítà, n ò bá ti olè wá. Ẹ ṣáà tẹ kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́mà sí i."

Dókítà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí ohun tó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó kó ìwé àwọn ọmọ tó ti tọ́jú jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n rí ọmọ méjì tó ti gba oògùn jù. Nǹkan kan kò ṣe ọ̀kan. Èkejì, Anahí, bì fún ọjọ́ mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó yá. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n dé.

"Ẹ̀bi ta ni?" ni obìnrin náà bi wọ́n.

Zulema rántí Bàbá Eleuterio, ó fẹ́ dárúkọ rẹ̀, àmọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, ìyá Anahí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Obìnrin náà tún ọmọ náà pọ̀n dáadáa. "Ṣé ewu náà ti tán báyìí?"

"Kò tíì tán," ni Zulema wí, ó ti ń gbé àpò rẹ̀. "Mo ṣì ń wá àwọn àdàkọ tó kù."