Ewéko Tí Ó Yó Jù

Bí ọkọ bá kú tó fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀, aráyé á ní ó ṣe bẹbẹ. Ọkọ Ìyá Aránṣọ ní tirẹ̀, ewéko ajẹkòkòrò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lójú fèrèsé. Bàbá tó ń tún aago ṣe ni. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti tún aago títí tí ojú ń dùn ún, iwájú ewéko yẹn ni yóò lọ jókòó sí. Ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan ló ní ife kékeré tó ní ọmọrí. Eṣinṣin tó bá yọ́ wọ inú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ìyá a máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé orogún òun nìyẹn, bàbá á sì rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ á fi já bọ́. Ayé dùn nígbà náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá kó gbogbo ìfẹ́ tó ṣẹ́ kù lé orogún lórí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń bu ajílẹ̀ sí i, bí ẹni ń bu oúnjẹ fún ọkọ. Ewé ń fẹ̀, ó ń tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ife kò yọ mọ́. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ gbẹ, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà ìyá já. Bí èyí náà bá lọ, kí ló tún kù nílé tí ọwọ́ ọkọ òun tọ́ dàgbà?

Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń gbin òdòdó tà ní òpin àdúgbò. Ìyẹn fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, ó mi orí.

"Màmá, ẹ ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ebi ló ń jẹ́ kó yọ ife. Ta ló yó tán tó tún ń ṣọdẹ?"

Ojú ti ìyá. Ọkùnrin náà bá a pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ó ní omi òjò nìkan ni kó máa bu sí i. Láti ọjọ́ náà, ìyá á wò ó láràárọ̀, á sì kó ara rẹ̀ níjàánu.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí ife tuntun. Àfi bí àlá: méjì ló lẹ̀ mọ́ra lórí ewé kan, ọmọrí kan ṣoṣo ló bo àwọn méjèèjì. Ní gbogbo ogún ọdún tí bàbá fi tọ́jú rẹ̀, kò yọ irú rẹ̀ rí.

Inú ìyá dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ yáa wá wo nǹkan."

Ó ti kọjú sí yàrá tí bàbá ti ń tún aago ṣe kó tó rántí.

Látọjọ́ ìsìnkú, omijé kò tíì bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa àpótí sún mọ́ fèrèsé, ó jókòó, ó sì sunkún ọkọ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ife náà fún un, láti ìdí dé ọmọrí.